Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá: èbúté Lékkí ti ṣí, ọ̀nà ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?

Sí ẹ̀yin ọlọ́lá, gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú àìsùn. Oníṣòwò kòkó ni mí, agbègbè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni mo ti ń ṣòwò. Mo ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, mo ń kó o jọ, mo sì ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e dé èbúté fún àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ sókè òkun. Ìlú wa kò sún mọ́ òkun rárá, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní èbúté Èkó tí kì í kàn wá. Bí tírélà kò bá rìn, iye tí a ó san fún àgbẹ̀ yóò dín. Bí ọkọ̀ ojú omi bá pẹ́ dé, oògùn tí wọ́n fi ń fín kòkó yóò gbówó lórí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo bá kọ ọ́ sí gómìnà tiwa nìkan, ó lè ní ọ̀rọ̀ Èkó ni. Bí mo bá sì kọ ọ́ sí ti Èkó nìkan, ó lè ní Àbújá ló láṣẹ lórí èbúté.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kò pọ̀. Kí ìpínlẹ̀ kankan nínú yín tó ná owó lórí èbúté tuntun, ẹ jọ pawọ́ pọ̀ tẹ́ ojú irin láti èbúté omi jíjìn Lékkí wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Gbogbo ohun yòókù tí mo máa sọ, orí èyí ló dá lé.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n sọ ìdí tí inú mi fi dùn sí èbúté náà, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo wá bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí i ní Ìbẹ̀jú-Lékkí. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún yẹn, ọkọ̀ ti ń já ẹrù níbẹ̀. Nǹkan bíi bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ dọ́là ló gbà. Omi ibẹ̀ jìn tó mítà 16.5, nígbà tí ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọ Àpápá kò jù bíi mítà 13.5 lọ. Mítà mẹ́ta kò pọ̀ létí, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ irú ọkọ̀ tó lè wọlé àti èyí tí kò lè wọlé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó ń kó kọ̀ǹténà bọ̀ láti Ṣáínà àti Yúróòpù kì í lè dé ọ̀dọ̀ wa. Lomé ni wọ́n ń lọ, torí pé omi tibẹ̀ jìn. Wọn yóò já ẹrù tó jẹ́ ti Nàìjíríà sílẹ̀ ní Tógò, ọkọ̀ kéékèèké yóò wá máa kó o bọ̀ wá sí Èkó. Àwa là ń san owó ìrìn kejì yẹn. Ó wà lórí táyà, ó wà lórí ajílẹ̀, ó wà lórí oògùn tí a ń rà fún ọmọ tára rẹ̀ kò yá. Tógò tí gbogbo èèyàn rẹ̀ kò tó iye èèyàn tó ń gbé ní Èkó nìkan ló sọ ara rẹ̀ di ibi ìjáẹrù gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, torí pé wọ́n tètè rí i pé ọkọ̀ ń tóbi sí i, wọ́n sì ṣe ibi tó lè gbà á. Gánà náà fẹ èbúté Tema lójú ní 2019. Tiwa ló pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ìjọba tó fọwọ́ sí i, láti orí ẹni tó kọ́kọ́ gbé e wá títí dé orí ẹni tó parí rẹ̀.

Ibi tí ìnira wà ni ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnu ńlá ni a ṣe fún ilẹ̀ wa, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì tín-ín-rín.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn òyìnbó tó jọba lé wa lórí ṣe tò ó nígbà tiwọn. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin láti Èkó. Ní 1901, ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn. Ní 1907 ó dé Òṣogbo. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọkọ̀ ojú omi ńlá kò tíì lè wọ Èkó o. Yanrìn ti dí ẹnu ọ̀nà tí omi ọ̀sà gbà bọ́ sínú òkun, ọkọ̀ á dúró lóde lójú agbami, wọn á fi àga so èèyàn rọ̀ sínú ọkọ̀ kékeré kí ìgbì má gbé e lọ. Ní 1908 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ògiri òkúta sínú òkun láti la ẹnu ọ̀nà náà, ó sì tó nǹkan bí 1914 kí ọkọ̀ ńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Ẹ gbọ́ bó ṣe tò tẹ̀lé ara: ojú irin ti dé Ìbàdàn, ó ti kọjá Òṣogbo, ó ti dé Kánò pàápàá, kí èbúté tó gba ọkọ̀ ńlá. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn wa. Kòkó wa àti ẹ̀pà àwọn ará Òkè-Ọya ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé èbúté tí ẹrù kò lè dé kò níṣẹ́ láti ṣe.

Ẹ wá wo ohun tí ìlà irin yẹn ṣe fún Òṣogbo. Kò sí òkun níbẹ̀. Nítorí pé ọkọ̀ ojú irin dúró níbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó kọ́ ìsọ̀ síbẹ̀, àwọn ará Èkìtì ń ru ẹrù oko wọn wá síbẹ̀, ìlú náà fẹ̀, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì tètè rí iṣẹ́ olóṣù. Ìlú tí ìlà kò gbà kọjá wà bó ṣe wà. Títí di òní tí mo ń kọ lẹ́tà yìí, kò sí ojú irin kankan ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, kò sì sí ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwa tí kòkó wa kọ́ Cocoa House sí Dùgbẹ̀.

Ní tiwa, a ṣí Lékkí ní 2023 láìsí ìlà irin kan ṣoṣo. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Àpápá ni wọ́n fà á dé. Gbogbo kọ̀ǹténà tó bá já sí Lékkí, orí títì ló ń gbà, àfi ìwọ̀nba tí wọ́n bá fi ọkọ̀ pẹlẹbẹ gbé gba orí omi. Ojú títì yìí kan náà ni àwọn ọkọ̀ epo ilé ìfọpo Dangote ń gbà, ilé ìfọpo tí wọ́n ní ó lè fọ àgbá epo 650,000 lóòjọ́. Òun náà ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń gbà, òun ni àwọn tó ń gbé ní Àjàh àti Sangotẹ́dó ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ìjọba Èkó ti gbé ètò kan kalẹ̀ ní 2025 pé kí tírélà má kàn dédé wá, kí wọ́n máa pè é lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí àyè bá ṣí. Ètò tó dára ni. Àmọ́ ètò ìpè kì í dín ẹrù kù, ó kàn ń sọ ibi tí yóò ti dúró.

Mo mọ ohun tí ìdúró máa ń ṣe fún kòkó. Bí a bá sá a tó, omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju bíi ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. A ó dì í sínú àpò ọ̀gbọ̀, a ó tò ó sórí tírélà, a ó fi tàpólì bò ó. Lọ́dún tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Àpápá le jù, ẹrù wa kan wà lórí afárá ní àsìkò òjò. Awakọ̀ ń sùn sábẹ́ ọkọ̀, ọmọ ọkọ̀ ń lọ ra oúnjẹ lẹ́sẹ̀ bírídì. Lójú mọmọ oòrùn ń mú, tàpólì ń gbóná. Lóru òtútù dé, omi ń kán láti inú tàpólì náà sórí àpò. Nígbà tí ẹrù dé ilé ìkẹ́rù tó yẹ kó gbà á, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ gún ọ̀pá irin rẹ̀ sínú àpò tó wà lókè, ó da kòkó sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Funfun ti bo inú rẹ̀. Kòkó ti bu. Kò bá wa jà, kò pariwo, ó kàn kọ iye tuntun sí orí ìwé, a sì gbà á, torí kò sí ẹni tó lè gbé ẹrù padà gba ọ̀nà tó gbà wá. Àgbẹ̀ tó fi oṣù mẹ́fà tọ́jú igi rẹ̀ kò mọ ohunkóhun nípa afárá yẹn, ṣùgbọ́n òun ló san án ní ìkórè tó tẹ̀ lé e, nígbà tí a kò lè ra kòkó rẹ̀ ní iye tó yẹ. Ní 2024 tí kòkó ga kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé, ẹni tí ẹrù rẹ̀ tètè dé ló rí owó yẹn jẹ. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé kí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àpápá má lọ ṣí ilé sí Lékkí, kí a má baà tún fi ogún ọdún wá oògùn rẹ̀.

Ẹ̀yin gómìnà Oǹdó àti Èkìtì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wo àwòrán ilẹ̀ dáadáa. Fún àwa tó wà lápá ibí, Lékkí rọrùn ju Àpápá lọ. Ẹrù tó bá ti Ìdànrè kúrò, tó gba Àkúrẹ́, Oǹdó àti Ọ̀rẹ̀, bó bá dé Ìjẹ̀bú-Òde, ó lè yà sí Ẹ̀pẹ́, kó bọ́ sí Lékkí láìwọ inú Èkó rárá. Kò ní mọ Bẹ́gà, kò ní mọ Òṣòdì, kò ní mọ Ìjọ́rà. Ìjọba Ògùn ti tún ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́ ṣe. Ìjọba Èkó ti fi kọnkéré ṣe tiwọn láti Ẹ̀pẹ́ sí Ẹlẹ́kọ. Ìpínlẹ̀ méjì, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe tirẹ̀, ọ̀nà sì pàdé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbà á kọjá, mo sọ fún awakọ̀ mi pé bí nǹkan ṣe yẹ kó rí nìyí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Ṣùgbọ́n títì ni títì ń jẹ́. Tírélà tó bá ń gbé kọ̀ǹténà gba orí rẹ̀ lójoojúmọ́ yóò jẹ ẹ́ tán. Ọkọ̀ ojú irin kan tó bá fa wágúnù ogójì, tírélà ogójì ló kúrò lójú ọ̀nà nìyẹn, kò sì ní rọrùn fún ajínigbé láti dá a dúró nínú igbó Ọ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dá wa dúró.

Mo ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ yìí pé ọ̀rọ̀ ojú irin kò sí lọ́wọ́ gómìnà. Bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa tó yọ ojú irin kúrò nínú àwọn nǹkan tí ìjọba àpapọ̀ nìkan láṣẹ lé lórí. Ìpínlẹ̀ lè kọ́ ọ, ó sì lè darí rẹ̀. Èkó ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe: ìlà búlúù ń kó èrò láti 2023, wọ́n ṣí ìlà pupa ní 2024. Bí ìpínlẹ̀ kan bá lè ṣe ìyẹn láàárín ìlú tí ilẹ̀ ti wọ́n bí ojú, kí ló dé tí ìpínlẹ̀ mẹ́fà kò lè jọ ṣe ìlà kan láti Lékkí gba Ẹ̀pẹ́ dé Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ̀ka kan lọ bá ìlà Ìbàdàn pàdé, kí ẹ̀ka kejì gba Ọ̀rẹ̀ àti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì? Bí a bá ń dúró de Àbújá, ẹ rántí pé ní 2014 ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ojú irin etíkun láti Èkó dé Kàlàbá, ó sún mọ́ bílíọ̀nù méjìlá dọ́là, àwọn ìlú wa sì wà lórí ìlà náà. Ìwé ni a ṣì ń rí.

Ọ̀rọ̀ èbúté orí ilẹ̀ náà wà ńbẹ̀, èyí sì ń dùn mí gan-an. Ohun tí irú ibẹ̀ ń ṣe ni pé kọ̀ǹténà yóò kúrò lórí ọkọ̀ ojú omi bó ṣe wà ní títì, yóò bọ́ sórí ọkọ̀ ojú irin, Ìbàdàn ni àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù yóò ti ṣí i, ibẹ̀ ni olówó rẹ̀ yóò ti sanwó, tí yóò ti gbà á. Oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ tó fẹ́ fi kajú ránṣẹ́ kò ní nílò ejẹ́ńtì ní Àpápá mọ́. Ní 2006, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fa irú èbúté orí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, Ìbàdàn wà nínú rẹ̀, Kánò náà wà nínú rẹ̀. Ti Kàdúná ṣí ní 2018. Ti Dala ní Kánò ṣí ní 2023. Wọ́n ṣí ṣáájú tiwa, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwa la sún mọ́ òkun jù. Mi ò bá àwọn ará Kánò ṣe ìlara, wọ́n tẹra mọ́ tiwọn ni. Ìbéèrè mi ni pé ta ló ń tẹra mọ́ tiwa? Gómìnà Ọ̀yọ́, ọwọ́ yín ni ìbéèrè yìí wà jù.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó lè má dùn mọ́ yín. Ìpínlẹ̀ Ògùn ń sọ̀rọ̀ èbúté ní Olókòlà, Aliko Dangote sì ti sọ ní 2025 pé òun fẹ́ kọ́ ọ síbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀ ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Èkó fúnra rẹ̀ ṣì ń wá èbúté Àgbádárìgì. Gbogbo etíkun yìí, ẹni tó bá wọ mọ́tò ní àárọ̀ lè rìn ín tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọkọ̀ ńlá kì í lọ síbi tí ẹrù kò ti pọ̀. Bí a bá pín ẹrù wa sí èbúté mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò jìnnà síra wọn, kò sí èyí tí yóò ní ẹrù tó, Lomé yóò sì tún máa jẹ tirẹ̀ lọ bó ṣe ń jẹ ẹ́. Kì í ṣe pé mo ní kí Oǹdó má ní èbúté láéláé, ọmọ Oǹdó ni mí. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ jókòó pọ̀, kí ẹ fẹnu kò lórí iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe àti èyí tí yóò ṣáájú.

Mo mọ ìdí tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ń wá tirẹ̀, ó sì tọ́ ká sọ ọ́ síta. Nínú èbúté Lékkí, ilé iṣẹ́ China Harbour ló ni ìdá 52.5 nínú ọgọ́rùn-ún, Tolaram ní 22.5, ìpínlẹ̀ Èkó ní 20, àjọ NPA tó ń rí sí èbúté Nàìjíríà ní 5. Ọdún 45 ni àdéhùn wọn. Oǹdó kò ní nǹkan kan níbẹ̀, Èkìtì kò ní, Ọ̀ṣun kò ní, Ọ̀yọ́ kò ní, Ògùn tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ kò ní. Owó kọ́sítọ́ọ̀mù ń lọ sí Àbújá. Ọmọ tí yóò gba iṣẹ́ níbẹ̀, etíkun Èkó ló gbọ́dọ̀ lọ gbé. Bó bá jẹ́ èmi ni gómìnà Èkìtì, èmi náà kò ní mọ ohun tí mo máa yọ̀ sí.

Nítorí náà, gómìnà Èkó, ọ̀rọ̀ yìí já sí yín lọ́wọ́. Ẹ ṣílẹ̀kùn. Ilé iṣẹ́ Odù'a wà láti 1976, òun ni ogún tí a jọ pín nígbà tí wọ́n fọ́ ìwọ̀-oòrùn sí ìpínlẹ̀. Bí Lékkí bá fẹ́ gbòòrò sí i, ẹ jẹ́ kí àwọn ìpínlẹ̀ yòókù lè ra ìpín gba ibẹ̀ wọlé, kí ojú irin tí mò ń wí yìí náà sì jẹ́ ti gbogbo wa lórí ìwé. Èkó kò ní pàdánù. Èbúté tí kòkó Oǹdó, kajú Ọ̀yọ́ àti ẹrù àwọn ilé iṣẹ́ Àgbárá pẹ̀lú Ọ̀tà bá ń gbà lọ yóò mówó wọlé ju èyí tí ẹrù Èkó nìkan ń wọ̀ lọ. Àǹfààní òṣèlú sì wà níbẹ̀ tí owó kò lè rà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé Àbújá nípa owó orí ẹrù, nípa ibi tí ojú irin yóò gbà, nípa ibodè wa pẹ̀lú orílẹ̀-èdè Benin, ohùn gómìnà mẹ́fà tó ní owó nínú nǹkan kan náà kò dọ́gba pẹ̀lú ohùn ẹnì kan. Àwọn ará gúúsù yòókù ń bínú pé Èkó gba gbogbo ọkọ̀ mọ́ Wárì, Kàlàbá àti Onne lọ́wọ́. Lójú tèmi, ìbínú wọn tọ́, ó yẹ kí ìjọba àpapọ̀ gbẹ́ ojú omi wọn kí ọkọ̀ lè wọlé. Àwa tí a ti ní èyí tó jìn ni kò yẹ ká máa bá ara wa du òmíràn.

Ẹ sì rántí pé Olókòlà yìí kan náà ni Dangote kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ ilé ìfọpo rẹ̀ sí kó tó di pé òun àti ìjọba Ògùn ìgbà náà kò gbọ́ ara wọn yé, tó sì kó o lọ sí Lékkí. Ohun tí àìgbọ́ra-ẹni-yé lè gbà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kan, a ti rí i.

Mi ò lè parí lẹ́tà yìí láìsọ ti àwọn tó ni ilẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo tẹ̀ lé ẹrù lọ sí agbègbè Ìbẹ̀jú-Lékkí, mo yà sí abúlé apẹja kan létí òkun. Àwọn igi àgbọn ti wó lulẹ̀ sínú yanrìn, gbòǹgbò wọn síta. Ìyá kan ń yan ẹja lórí ààrò tí wọ́n fi páànù ṣe. Mo bi í léèrè ibi tí ilé wọn wà nígbà tó wà lọ́mọdé, ó na ọwọ́ tí èéfín ti sọ di dúdú sí iwájú, inú omi gan-an ló nà án sí. Ó ní àwọn ọkùnrin ilé rẹ̀ kò lè ju àwọ̀n síbi tí bàbá wọn ń jù ú sí mọ́, torí ọkọ̀ ńlá ń gba ibẹ̀ kọjá.

Mi ò ní sọ pé èbúté nìkan ló fà á. Òkun ń jẹ Ayétòrò tiwa náà ní Ìlàjẹ, ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, kò sì sí èbúté nítòsí rẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tí gbogbo ẹni tó mọ etíkun wa mọ̀. Yanrìn ibẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ìgbì ń gbé e láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn lọ́dọọdún. Bí a bá kọ́ ògiri òkúta wọ inú òkun láti dáàbò bo èbúté, yanrìn yóò kó jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn ògiri náà, apá ìlà-oòrùn kò ní rí gbà, òkun á sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Ògiri tí òyìnbó kọ́ sí ẹnu omi Èkó láti 1908 ló jẹ́ kí òkun jẹ Bar Beach wọ inú Victoria Island fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èbúté Lomé tí wọ́n ṣí ní 1968 ló jẹ́ kí etíkun máa wó lọ sí ọ̀nà Aného. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò mọ̀ kí wọ́n tó kọ́ Lékkí. Àtúnṣe rẹ̀ kò sì ṣòro mọ̀: ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fa yanrìn láti apá tó ti kó jọ, kí wọ́n dà á sí apá tí ebi ń pa. Wọ́n ń ṣe é ní Durban ní Gúúsù Áfíríkà. Owó rẹ̀ yẹ kó wà lára ohun tí èbúté ń ná lọ́dọọdún, bí owó epo ẹ̀rọ. Kí a má ṣe sọ ọ́ di àánú tí gómìnà ń ṣe fún abúlé nígbà ìdìbò. Bákan náà ni iṣẹ́. Ọmọ apẹja tí wọ́n gba ibi ìpẹja bàbá rẹ̀ yẹ kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí ẹ̀rọ tó ń gbé kọ̀ǹténà, kó gba ìwé ẹ̀rí, kó sì wọ ibẹ̀ ṣiṣẹ́. Gómìnà Oǹdó àti ti Ògùn, bí ẹ kò bá lè bá Èkó béèrè èyí lónìí, kí ni ẹ ó sọ fún àwọn ará Ìlàjẹ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kọ́ tiyín?

Ohun tí mo ń retí lọ́wọ́ yín rèé. Nígbà tí ẹ bá tún ṣe ìpàdé àwọn gómìnà, kí ọ̀rọ̀ ojú irin Lékkí wà lórí ìwé ètò, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn oúnjẹ. Kí àjọ DAWN tó jẹ́ tiyín, tó ń rí sí ìdàgbàsókè ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ya ìlà náà sórí àwòrán, kí wọ́n kọ iye tí yóò ná wa àti ibi tí owó yóò ti wá, kí wọ́n sì gbé e síta kí gbogbo wa kà á. Kí gómìnà kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí iye tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ yóò mú wá, kí a rí orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i àti ti ẹni tó kọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ti àwa tó ń kó ẹrù, ẹ ránṣẹ́ pè wá. Àwọn oníṣòwò kòkó ti Ìdànrè, Ilé-Olújì àti Ifẹ̀ kò ní kọ̀ láti wá, àwọn awakọ̀ tírélà yóò wá, a ó sì kó ìwé owó tí a san lọ́nà dání kí ẹ lè rí i.

Ẹ má jẹ́ kó di ìgbà tí ìdìbò bá parí.

Tiyín ní tòótọ́,

Oníṣòwò kòkó kan, láti Ìdànrè, ìpínlẹ̀ Oǹdó